Fìlà Bàbá Lórí Abẹ́rẹ́ Tọ́bò

Òórùn inú ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ máa ń padà wá bá mi kí n tó rántí ohun mìíràn nípa ọdún yẹn. Òórùn awọ àga òyìnbó ni, tí erùpẹ̀ iṣu ti gorí rẹ̀, nítorí pé bàbá ọkọ mi kò gbà pé ọkọ̀ kan wà láyé tí kò yẹ kó gbé iṣu. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni, ó dúdú, ó ń dán, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé bí a bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, ńṣe là ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. Àkọ́bí Bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà lókè òkun, ló fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu kí wọ́n lè máa fi gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ìyá kò rí i. Wọ́n ti sin ín tán kí ọkọ̀ tí a rà nítorí rẹ̀ tó ti Kútọnu wọlé. Wọ́n ní Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà á wá, ó wọ inú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, láì ṣáná sí i rárá. Ọkọ mi ló sọ èyí fún mi. Èmi kò tíì wọ ilé nígbà náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé mi níyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ̀ pé gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nínú ilé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, àgbà rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pè é ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ìkẹ́ ni ìyàwó fi ń pe kálukú. Mo ti pín Akọ̀wé, Ìbàdí-àrán àti Eyínfúnjowó fún àwọn ọmọ ilé tán, mo rò pé iṣẹ́ ti parí, ni Bàbá bá ní ó ku ẹnìkan. Ó mú mi lọ sí abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó nawọ́ sí ọkọ̀ dúdú náà. Ó ní, "Ìyàwó, èyí náà ti wà nínú ulé kí o tó dé. Kí lo fẹ́ máa pè é?"

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀ bóyá àwàdà ni tàbí òtítọ́, ìyàwó tuntun kì í sì í fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣeré, nítorí náà mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo ní, "Adúmáadán." Bàbá tún un pè lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ mi sọ fún mi lálẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun gbọ́ ẹ̀rín bàbá òun láti ìgbà tí Ìyá ti kú. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é wá, n kò pè é rí títí di òní olónìí.

Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Adúmáadán, níbi tí àwọn mìíràn ń gbé Bíbélì tàbí tẹ̀sùbáà sí, gééjì kékeré kan wà tó rí roboto bí ojú aago. Ẹni tó kọ́kọ́ lo ọkọ̀ náà lókè òkun ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Òfo, ìyẹn àmì òdo, wà láàárín rẹ̀, nọ́ńbà wà lọ́wọ́ òsì, nọ́ńbà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilà pupa kan sì wà ní òpin ọwọ́ ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ funfun tín-ín-rín kan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Awakọ̀ tó gbé e wá ti sọ fún Bàbá pé ẹ́ńjìnnì náà ní tọ́bò àti pé gééjì tọ́bò nìyẹn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí gééjì náà ń wọ̀n.

Bàbá kì í ṣe ẹni tí ọkọ̀ lè dẹ́rù bà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wa ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, tó ń ru iṣu láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n gbogbo gééjì píkọ́ọ̀pù yẹn ti kú tipẹ́, etí ló fi ń mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí Bàbá ti fi tọkàntọkàn wò rí ni ti nọ́ọ̀sì ní Ìdó, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n á wé aṣọ mọ́ Ìyá lápá, wọ́n á máa fún rọ́bà, abẹ́rẹ́ á máa gun òkè nínú gíláàsì roboto, nọ́ọ̀sì á sì mi orí. "Bàbá, a ò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ yìí máa gòkè báyìí o." Ó gòkè, ó gòkè, títí Ìyá fi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sì dìde mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n wọn ti Bàbá fúnra rẹ̀, wọ́n ní tirẹ̀ náà ti ń gòkè.

Ẹ ó wá rí i pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wa Adúmáadán jáde, tó tẹná mọ́ ọn, tó rí abẹ́rẹ́ tó sáré kọjá òfo tó kọrí sí ọ̀nà ilà pupa, kíá ló gbé ẹsẹ̀ kúrò bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná mọ́lẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lójú Bàbá, ẹ̀jẹ̀ Adúmáadán ló ń ru, ó sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé èyí kò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín Bàbá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí tó rò pé gbogbo ohun tó ní nọ́ńbà lára, òun ló ni ín. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi rọ́pò ẹ̀jẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Mo ṣàkíyèsí pé bí a bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ á ṣubú sí òsì, á lọ sùn sísàlẹ̀ òfo. Èmi sì gbà pé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ òfo, àìní ni. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún Bàbá pé ó dà bíi pé agbára ń tán nínú Adúmáadán nígbàkígbà tó bá dúró. Bàbá gbà mí gbọ́, nítorí tísà ni mí. Láti ọjọ́ náà, bí a bá dúró kí ẹnìkan níwájú ilé, Bàbá á máa tẹná díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ á ta sókè, á tún ṣubú, ẹni tí à ń kí á sì rò pé ojú ń kán wa. Bàbá ń bẹ̀rù kí abẹ́rẹ́ má bàa gòkè, èmi ń bẹ̀rù kó má bàa sọ̀ kalẹ̀, Adúmáadán sì wà láàárín àwa méjèèjì.

Bàbá wá ṣe òfin kan. Ó ní ojú kan kò lè wo ọ̀nà kó tún wo abẹ́rẹ́, nítorí náà ẹni tó bá jókòó níwájú kò gbọdọ̀ sùn, iṣẹ́ wà fún un. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná nígbà yẹn, ìparí oṣù ló ń wálé, èmi ni mo sì máa ń wà níwájú jù. A ó máa lọ, Bàbá á di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà, á ní, "Níbo ló wà?" Èmi á ní, "Ó ti ń sún mọ́ òfo, Bàbá." Yóò gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. "Níbo ló wà báyìí?" "Ó ti sọ̀ kalẹ̀." "Kò burú." Báyìí la ṣe máa ń gba ọ̀nà Ọ̀yẹ́ kọjá, tí àwọn ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì àti ewúrẹ́ kan á yà wá sílẹ̀, tí ẹni tó gbá ewúrẹ́ mọ́ra á tún bojú wẹ̀yìn juwọ́ sí wa. Bàbá kì í bínú. Á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tó sọ ẹ̀sọ̀ yẹn di ọ̀ràn ẹ̀mí ni oyún. Oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó wa, ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo wọ takisí èrò lọ sí Ìkọ̀lé lórí ọ̀nà tó rí jágajàga. Dókítà ní kì í ṣe ọ̀nà ló fà á, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún kejì dé, Bàbá pè mí jókòó. "Oyún yìí kò níí wọ takisí kankan. Èmi ni mo máa gbé ọ lọ sí Ìdó, èmi ni mo máa gbé ọ bọ̀." Mo sunkún nígbà tí mo wọ yàrá. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí oyún àkọ́kọ́ ṣe dùn mí náà ló ṣe dun ọkùnrin àgbà yẹn.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, nọ́ọ̀sì wé aṣọ mọ́ mi lápá, ó fún rọ́bà, ó wo abẹ́rẹ́, ó sì tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ti ń ru. Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ohun tó pa ìyàwó rẹ̀ ló tún yọjú lára èmi tí mo ru ọmọ ọmọ rẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa sinmi, kí n dín iyọ̀ kù, pé bí orí bá ń fọ́ mi gan-an tàbí tí mo bá ń rí ohun tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lójú, kí n má dúró gbọ́ tẹnikẹ́ni, kí n máa bọ̀ ní Ìdó.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi. Ìyàwó ilé ló yẹ kó máa se oúnjẹ fún bàbá ọkọ rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nílé wa, bàbá ọkọ ló ń fi àáké la igi, tó ń se àsáró tí kò ní iyọ̀ kankan, tó ń gbé e wá bá mi lórí ẹní. Kò dùn lẹ́nu rárá, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni àwa méjèèjì ti ń jẹ ẹ́, àwa aláìsàn méjì, Bàbá á sì máa wo ojú mi bí ẹni pé ọba ló sè é fún. Àwọn obìnrin àdúgbò fẹ́ máa gbé ọbẹ̀ wá, Bàbá kò gbà. Láti ìgbà tí Ìyá ti lọ, kò gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ rẹ̀, òun ló ń fọ̀ ọ́. Oko rẹ̀, òun nìkan ló ń kọ ebè rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí orí ń fọ́ mi bí ẹni fi òòlù lù ú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo àgbàlá tutù. Bàbá ń sun iṣu ní ẹ̀yìnkùlé. Mo fara ti ògiri, mo ní, "Bàbá, mo ń rí ìràwọ̀." Ó fi iṣu sílẹ̀ nínú iná, ó wọlé lọ gbé báàgì tí a ti dì sílẹ̀, ó fi apá gbá mi mú dé ìdí Adúmáadán. Nígbà tí a jáde, mo rí i pé ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo sọ fún un. Ó ní kó wà bẹ́ẹ̀.

A lọ, ṣùgbọ́n bí a ṣe máa ń lọ náà ni a ṣe lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Àárín ẹ̀rù méjì ló wà: kí ọkọ̀ má bàa bẹ́ mọ́ wa lára lójú ọ̀nà, kí èmi má sì ṣe pẹ́ jù. "Níbo ló wà?" "Ó wà nísàlẹ̀ òfo." "Níbo ló wà?" "Ó ti fẹ́ dé òfo, Bàbá." A kọjá Ọ̀yẹ́ báyìí. Mo ti bì lẹ́ẹ̀kan sínú ọ̀rá. Ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè ńlá tó wà kí a tó wọ Ìfàkì, a bá agbégilódò kan níwájú wa. Ó ru ìtì igi gbàǹgbà gbàǹgbà, ó ń rá pálá gun òkè náà, èéfín rẹ̀ dúdú bò wá. Ọ̀nà tó kù ṣí sílẹ̀ títí dé orí òkè, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bàbá yà sí òsì, ó tẹná, mo ní, "Ó ti dé òfo," ó gbé ẹsẹ̀, a sì padà sẹ́yìn igi. Ó tún yà, ó tún gbé ẹsẹ̀. Adúmáadán kò ní agbára láti kọjá ọkọ̀ yẹn bí abẹ́rẹ́ kò bá gbọdọ̀ kọjá òfo.

"Níbo ló wà?"

Mo wo gééjì. Ìràwọ̀ ti kún ojú mi, n kò rí òfo, n kò rí ilà pupa, n kò rí abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe ń bà mí láti àárọ̀ lọ. Mo ní, "Bàbá, n kò rí i mọ́."

Bàbá ṣí fìlà orí rẹ̀, fìlà aṣọ òkè pupa tí Ìyá rà fún un, ó nawọ́, ó sì fi bo gééjì náà mọ́lẹ̀ bí ẹni fi igbá bo omi. "Kò sí ẹni tí ó níí wò ó mọ́," ó wí. "Di ara rẹ mú, ọmọ mi." Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀, Ìyàwó ló ń pè mí. Ó wá fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹná.

N kò gbọ́ ohùn yẹn rí nínú Adúmáadán láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Fèrè tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, ẹ̀yìn mi sì lẹ̀ mọ́ àga. Ó dà bíi pé àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn tí wọ́n ń tì wá. Ìtì igi agbégilódò náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí ojú awakọ̀ rẹ̀, mo rí orí òkè, mo sì rí Ìfàkì nísàlẹ̀. Mo ń retí kí nǹkan bẹ́. Kò sí ohun tó bẹ́. Bàbá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ni, kí n tó gbọ́ pé Ìyá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń ní, "Mo ti pẹ́ jù nígbà tìrẹ. Mi è níí pẹ́ jù nígbà tirẹ̀." Kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí a fi wọ ẹnu géètì ilé ìwòsàn ní Ìdó.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Obìnrin ni, ó kéré, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Dókítà sọ fún ọkọ mi lẹ́yìn náà pé bí a bá tún pẹ́ sí i lọ́nà, òun kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni ìbá kù. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Bàbá wọlé wá wò wá, orí rẹ̀ wà lófìfo, gbogbo irun rẹ̀ funfun. N kò rí orí rẹ̀ láìsí fìlà ní ìta rí. Mo ní, "Bàbá, fìlà yín dà?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ó wí. "Mi è lè ṣí i." Ọkùnrin tó fi ìgboyà gun òkè yẹn, ẹ̀rù ń bà á láti lọ wo ohun tó ti ṣe fún Adúmáadán. Ìgbà tí ọkọ mi ti Kàdúná dé ni àwọn méjèèjì tó jọ lọ sídìí ọkọ̀. Ọkọ mi ló gbé fìlà náà kúrò. Abẹ́rẹ́ dúró jẹ́jẹ́ lórí òfo, kò sí ohun tó ṣe é.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé agbègbè wa nígbà yẹn, orí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti ń gbà dáadáa ní ìlú wa. Ibẹ̀ ni Bàbá lọ dúró láti fi ìròyìn ọmọ tó àkọ́bí rẹ̀ létí, ibẹ̀ ló sì ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, kó tó wá ṣàlàyé. Ó ní afẹ́fẹ́ ni gééjì náà ń wọ̀n. Bí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rọra lọ, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì kò ṣí tán, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ gba ibẹ̀, fífà yẹn ló sì ń mú abẹ́rẹ́ sùn sísàlẹ̀ òfo. Kì í ṣe àárẹ̀. Bó bá dé òfo, afẹ́fẹ́ inú àti ti ìta ti dọ́gba nìyẹn. Bí òkè bá wá ga, tí a tẹná, tọ́bò á máa ti afẹ́fẹ́ kún èyí tí ẹ́ńjìnnì lè dá fà, abẹ́rẹ́ á sì kọjá sí ọ̀tún. Ilà pupa nìkan ni kí a ṣọ́ra fún. Bí a bá tẹná lórí òkè tí abẹ́rẹ́ kò gbéra, nígbà náà gan-an ló yẹ kí àyà wa já, nítorí ó lè jẹ́ páìpù kan ló ti là.

Bàbá ti orí àpáta bọ̀, ó jókòó tì mí, ó gbé ọmọ sórí itan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó wá ní, "Àṣé ìrànlọ́wọ́ ni à ń sá fún láti ọjọ́ yìí." Ní ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tí obìnrin àdúgbò kan gbé ọbẹ̀ wá, Bàbá gbà á, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ ní àwọn fẹ́ bá a kọ ebè, ó fi ọ̀nà oko hàn wọ́n.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó wọ Adúmáadán, bó jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, bó jẹ́ àlùfáà mọ́ṣáláṣí tí a gbé láti ojú ọ̀nà, tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo bá ń bínú sí ọkọ mi, Bàbá á yọjú láti ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ìyàwó, abẹ́rẹ́ rẹ ti ń sún mọ́ ilà pupa." Bó bá rí mi níbi tí mo jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹlòmíràn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí, á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, mo wà nísàlẹ̀ òfo, mò ń sinmi ni. Òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Orí òkè Ìfàkì yẹn kan náà ló mú mi lọ, ó jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí, ó ń ka abẹ́rẹ́ fún mi.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, tí ọmọ náà ti ń lọ ilé-ìwé, èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé Bàbá lọ sí Ìdó. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ kan kò sì gbé mọ́. Nọ́ọ̀sì wé aṣọ mọ́ ọn lápá kejì, ó fún rọ́bà, ó gbé gíláàsì roboto náà lé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá kò yí orí. Ó kàn ní, "Ìyàwó, níbo ló wà?"

Mo wò ó. Abẹ́rẹ́ ti lọ jìnnà gan-an. Nọ́ọ̀sì wò mí, èmi náà wò ó. Fìlà pupa náà wà lórí ìrọ̀rí. Mo mú un, mo sì fi bo gíláàsì náà, nọ́ọ̀sì kò sì dá mi lẹ́kun. Mo ní, "À ń gun òkè ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. "Tẹ uná," ó wí. "Tẹ uná, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ìgbà gbogbo ni mo máa ń rò ó pé ọkùnrin yẹn, tó jẹ́ bàbá ọkọ mi lásán nígbà tí mo wọ ilé rẹ̀, ló kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹlòmíràn láìsọ ọ́ lẹ́nu. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Adúmáadán ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀, adìẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀. A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé fìlà náà padà sórí gééjì rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà.

Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí kò ní irú gééjì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá ti yunifásítì wálé, tí òun àti èmi jọ ń lọ sí Ìdó, bí a bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè Ìfàkì, ẹnu mi kì í gbà kí n kọjá láì béèrè. "Níbo ló wà?" Láti kékeré ni kò ti rí abẹ́rẹ́ náà kó rìn mọ́. Yóò tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí kò sí nǹkan kan, yóò sì dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ ńlá lé lọ́wọ́.

"Ó ti kọjá òfo, Màmá. Ẹ tẹná."